Kòtò tí yóò di máńgòrò: bí mo ṣe ń tọ́jú ìgbẹ́, ìtọ̀ àti omi ìdọ̀tí ní ilé oko

Ilé oko mi wà lẹ́yìn Orílé Igbọ́n, níbi tí mọ́tò kì í dé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé wa dé ìdí igi igbá kan, láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni. Yàrá méjì ni ilé náà, pẹ̀lú ilé ìdáná tí a fi páànù bò. Ní ọjọ́ lásán, èmi àti àwọn méjì tó ń bá mi ṣọ́ oko la máa ń wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kajú bá ti ń bọ́, láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin, a máa ń tó mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Ènìyàn mẹ́wàá tó ń jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, tó ń jẹ àmàlà lálẹ́. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Àwọn ará ìlú ń ra ilẹ̀ oko gan-an báyìí, ní ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, ní apá Ajààwà, títí dé Òkè-Ògùn. Wọ́n á kọ́ ilé kékeré sí i, wọ́n á wá bi mí pé, "Ìyá Oníkajú, irú ilé ìgbẹ́ wo ni ká ṣe síbẹ̀?" Kí n tó dáhùn, wọ́n á ti ra àwo tọ́ọ́lẹ́ẹ̀tì funfun sínú búùtù mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú tèmi rí, kí ẹ tó sọ àwo yẹn kalẹ̀.

Mo mú bíríkìlà kan wá láti ìlú, mo ní kó ṣe é gẹ́gẹ́ bíi ti ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́: àwo funfun, táńkì, sókàwéè. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi kan yangí ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ó na ẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá, ó ti tó." Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, mo ní ó dáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ni ìyọnu wa. Odò tí a ń pọn ti máa ń di àbàtà ní oṣù kìíní, bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ ẹnì kan ń gba lítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kó tó wọlé lọ. Ènìyàn mẹ́jọ, lítà 70 lóòjọ́. Àwọn ọmọ ń ru omi lórí bọ̀ láti odò, a sì ń dà á sẹ́yìn ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà òjò dé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ ti mu omi yó, yangí ìsàlẹ̀ sókàwéè sì rí bí ìdí ìkòkò, kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. Gbogbo ohun tí a ti ń sìn lọ láti oṣù kejì padà wá kí wa. Mo ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ nílùú ò lè gba ọ̀nà wa. Láyé àtijọ́, à bá ké sí agbépòó, agbépòó sì ti tán láyé. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Èmi ni mo kó o, ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ẹrù mẹ́ta ni, ẹ má dì wọ́n pọ̀

Omi ni ọ̀tá ilé ìgbẹ́ inú oko. Ìgbẹ́ tí eérú bá bò, tó bá gbẹ, òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ lọ, eṣinṣin kì í yà sí i, kì í sì í rìn lọ bá kànga. Èyí tó bá pàdé omi ló ń rùn, òun ló ń yọ ìdin, òun náà ló ń rìn lábẹ́ ilẹ̀.

Ìgbẹ́ àgbàlagbà kan láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bíi lítà 50 lọ: kẹ́ẹ̀gì òróró méjì. Ìtọ̀ rẹ̀ tó lítà 500, ìyẹn ogún kẹ́ẹ̀gì. Omi tó fi ń wẹ̀, kí a ní bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 15 kan ṣoṣo lóòjọ́, ó ju lítà 5,000 lọ. Nínú kẹ́ẹ̀gì méjì àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ jù lọ àrùn wà: onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ẹyin aràn. Nínú ogún kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ ni ajílẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ wá da kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn pọ̀ mọ́ ìyókù, gbogbo rẹ̀ ti di ìgbẹ́ nìyẹn. Ohun tí àwo funfun ń ṣe gan-an nìyẹn. Nílùú, táńkì ńlá àti ọkọ̀ akógbẹ́ lè gba ẹ̀bi rẹ̀ rù. Nínú oko, kò sẹ́ni tó máa bá yín rù ú.

Torí náà, ìgbẹ́ ń lọ sínú kòtò gbígbẹ, ìtọ̀ ń lọ sí ìdí àgbàdo, omi ìwẹ̀ àti omi abọ́ ń lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí a ṣe pín in ní oko mi nìyẹn láti ọdún 2019.

Ọdún 2019 yẹn náà ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ 009, pé títí di 2025 kí yíyàgbẹ́ sí gbangba ti dópin ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin náà ẹ ń gba ẹ̀bá ọ̀nà kọjá, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ máa gbẹ́ ẹ sí

Kí ẹ tó gbé ọkọ́, ẹ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn dé orúnkún, ẹ rọ omi kún un lálẹ́ kí ilẹ̀ yíká rẹ̀ lè mu yó. Tó bá di àárọ̀, ẹ tún rọ ọ́ kún. Bí omi bá ṣì dúró níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ kò gba omi, ẹ wá ibòmíràn. Bó bá sì pòórá kí ẹ tó yí ojú padà, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀, ohun tí ẹ bá dà síbẹ̀ lè dé inú kànga láìtíì mọ́. Èyí tó ń rọra lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan ni ẹ ń wá. Ká ní bíríkìlà mi ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì dán yangí yẹn wò ni, ì bá ti yọ mí nínú ọjọ́ mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kòtò gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga àti odò ní ẹsẹ̀ bàtà 100 ó kéré tán, ìyẹn mítà 30. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ jẹ́ kí kànga wà lókè, kí kòtò wà nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ kòtò sì gbọ́dọ̀ fi mítà 2 ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ kò le: kòtò tèmi kì í ju mítà 1 lọ, nítorí náà mo lọ fa omi ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi ń ga jù, mo wo bí okùn tó lọ sílẹ̀ kí garawa tó kan omi ṣe gùn tó. Bó bá ti ju mítà 3 lọ, ó dáa. Ẹni tó bá kọ́lé sí àkúrọ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ rárá o. Kó mọ àpótí búlọ́ọ̀kù alápá méjì sórí ilẹ̀, kó lo apá kan títí yóò fi kún, kó dí i pa, kó kọjá sí èkejì. Èyí tó dí pa gbọ́dọ̀ wà ní gbígbẹ fún ọdún kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó tú u, nítorí ẹyin aràn kì í tètè kú.

Omi etídò wa ń wọ́ lọ bá odò Ọba, Ọba ń lọ bá Ọ̀ṣun. Ohun tí mo bá jẹ́ kó bọ́ sínú rẹ̀, ẹlòmíràn ló máa fi mu gàrí.

Kòtò, òrùka àti ìdérí

Kì í ṣe èmi ni mo ronú kan ọ̀nà yìí. Zimbabwe ni wọ́n ti gbé e jáde, iṣẹ́ Peter Morgan ni, òun kan náà tó ṣe ṣáláńgá onífèrè, èyí tí páìpù ń fa òórùn rẹ̀ jáde, ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn omi ti Stockholm ní 2013. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré, ẹ gbé ìdérí lé e, ẹ lò ó fún oṣù díẹ̀. Tó bá kún, ẹ gbé ìdérí kúrò, ẹ fi ilẹ̀ bò ó, ẹ gbin igi sí i. Ìdérí á lọ sórí kòtò tuntun. Ẹnikẹ́ni ò ní kó ìgbẹ́ mọ́ láyé. Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ìdérí ni iṣẹ́ wà. Ẹ kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, ẹ so okùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50 mọ́ ọn, ẹ fi yí po bí ìgbà tí ọmọdé ń ya òṣùpá sílẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ inú rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 4, kó tẹ́jú, ẹ tẹ́ nylon sí i. Fún ihò àárín, mo gé ike ọ̀dà tó ti tán, mo fi okùn fún un ní ikùn kó lè gùn bí ẹyin dípò kó rí roboto. Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ, kí ẹsẹ̀ ọmọdé má baà yọ̀ wọlé kí ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Gígùn rẹ̀ lè tó 30. Lẹ́yìn náà ẹ po sìmẹ́ǹtì kóńgò kan mọ́ yanrìn odò kóńgò mẹ́ta, yanrìn tó mọ́, tí kò ní amọ̀ nínú. Omi díẹ̀ ni o. Bí ẹ bá bù ú lọ́wọ́ tí ẹ fún un, kó dúró bí ìṣù ẹ̀kọ, kó má ṣàn láàárín ìka. Ẹ da ìdajì rẹ̀ sínú àyè náà, ẹ to wáyà lé e ní ìbú àti ní òró, ẹ da ìdajì yòókù lé e, ẹ fi pákó tẹ́ ẹ. Kó tó le, ẹ ki irin tí ẹ ti tẹ̀ kọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ létí lọ́tùn-ún lósì, ibẹ̀ lẹ ó máa dì mú.

Ẹ wá tẹ́tí sí èyí: ọjọ́ méje gbáko ni ìdérí yẹn gbọ́dọ̀ fi wà ní rírin. Àpò gàrí ni mo fi bo tèmi, mo ní kí ọmọ kan máa bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ lọ wo bọ́ọ̀lù ní abúlé. Nígbà tí mo ká àpò, ó ti la bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ, láti ihò àárín títí dé etí. Àpò sìmẹ́ǹtì kan lè ṣe ìdérí mẹ́ta, nítorí náà owó kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, ìbínú ló dùn mí.

Ìdérí yìí á wúwo tó kìlógíráàmù 70. Ẹ má gbìyànjú láti gbé e. Roboto tó rí yẹn nídìí: ènìyàn méjì á gbé e nàró, wọ́n á máa yí i lọ bí táyà títí dé orí kòtò.

Ẹ fi sìmẹ́ǹtì kan náà ṣe òrùka kan tí ìdérí yóò jókòó lé, kí ó fẹ̀ jù ìdérí lọ díẹ̀, kí ihò inú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75 tàbí 80. Òrùka ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, inú rẹ̀ lẹ ó ti máa gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí dé mítà 1. Òrùka yìí ni kò ní jẹ́ kí ẹnu kòtò ya lulẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ilẹ̀ tí ẹ bá wa jáde, ẹ tò ó yí òrùka ká kó ga, kí àgbàrá má baà wọlé, kí ẹ sì tọ́jú ìyókù sí abẹ́ páànù, ẹ máa lò ó.

Ògiri rẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo, torí pé yóò máa ṣí kiri. Òpó igi àyin mẹ́rin, nítorí ikán kì í tètè rí i jẹ, ọparun ní ìbú, koríko bẹẹrẹ ní ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ààfin Aláàfin láyé àtijọ́. Páànù ẹyọ kan lórí. Ènìyàn mẹ́rin á gbé e lọ bí ìgbà tí wọ́n ń gbé àtíbàbà.

Eérú

Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ago kan eérú pẹ̀lú ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀kúnwọ́ ewé gbígbẹ kan tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ga kọjá òfin yìí nínú oko mi, àlejò, ẹ̀gbọ́n, oníṣẹ́ ìjọba. Eérú ń fa omi inú ìgbẹ́, ó ń pa òórùn, ó sì ń korò mọ́ kòkòrò àrùn. Ewé ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ kó lè jẹrà dáadáa. Ẹni tó bá da eérú nìkan á rí i pé ó di bí ògiri. Ẹni tó bá da ewé nìkan, eṣinṣin á ti dé.

Lọ́dọ̀ wa, eérú kò wọ́n. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní abúlé ń dà á nù ni. Mo máa ń fún wọn ní máńgòrò, wọ́n á rọ eérú kún àpò méjì fún mi. Lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì náà dáa, bí ẹ bá rí i tó gbẹ.

Ṣùgbọ́n kí eérú ti sùn mọ́jú kí ẹ tó gbé e wá. Ní ọyẹ́ ọdún kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣa kajú kó eérú láti ìdí ààrò ní àárọ̀, ó dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ike tó wà nínú ilé ìgbẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹyin iná wà nínú rẹ̀. Ike yọ́, ó kan koríko ògiri. A rí èéfín láti ìdí kajú, a sáré dé, ilé ìgbẹ́ ti di òpó mẹ́rin àti páànù kan. Bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn bá kọjú sí oko ni, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa sọ fún yín. Láti ìgbà náà, ìkòkò amọ̀ ni mo ń kó eérú sí.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ kòtò: nylon, pámpásì, páàdì, bátìrì. Tíṣù kò burú. Ṣùkù àgbàdo tí àwọn bàbá wa fi ń nu ìdí kò burú náà, ó kàn ń pẹ́ jẹrà ni. Bàbá Alfa tí oko wọn bá tèmi pààlà béèrè lọ́wọ́ mi pé àwọn tó ń fi bútà ṣan ìdí ńkọ́, ṣé omi náà kò ní ba kòtò jẹ́? Omi bútà kan kò ju ohun tí ilẹ̀ lè mu lọ. Kí wọ́n fi ago eérú kejì kún un, ó tán. Àpótí búlọ́ọ̀kù alápá méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni kò fẹ́ omi rárá, nítorí kò ní ibi tí omi ń gbà lọ. Ẹni tó bá kọ́ irú rẹ̀ kó to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n á ti máa ṣan ìdí.

Ìdérí igi pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́ gígùn ni kí ẹ fi máa dé ihò náà. Nítorí eṣinṣin ni, nítorí ejò ni. Lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó jókòó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ń gbé inú oko látòṣù dé òṣù, tí ẹ sì pọ̀, mítà 1 kò ní tó yín. Ẹ gbẹ́ èyí tó jìn, kí ẹ ṣe é onífèrè: páìpù tó fẹ̀ ní mìlímítà 110 sí 150, kó ga ju òrùlé lọ ní ìdajì mítà, nẹ́ẹ̀tì ní ẹnu rẹ̀, kí inú ilé ìgbẹ́ ṣókùnkùn. Afẹ́fẹ́ á máa fa òórùn gba inú páìpù lọ. Eṣinṣin tó bá wà nísàlẹ̀ á tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ tó rí lókè páìpù, nẹ́ẹ̀tì á dá a dúró, ibẹ̀ ni yóò kú sí.

Ìtọ̀

Àwọn ọkùnrin ń tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tí a fi àrọ̀ sí lẹ́nu. Àwa obìnrin ń lo póò, a ó wá dà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ dé e pinpin, torí ohun tó ń rùn jáde yẹn gan-an ni ajílẹ̀ tí ẹ fẹ́. Fún àgbàdo, kóńgò ìtọ̀ kan sí kóńgò omi márùn-ún. Fún igi tí kò tíì dàgbà, kan sí mẹ́wàá. Ẹ fi ọkọ́ la ojú ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ sí ìdí rẹ̀, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó. Kò gbọdọ̀ kan ewé, ewé á jó. Tó bá ku oṣù kan kí ẹ kórè, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má sì máa dà á síbì kan náà lójoojúmọ́, iyọ̀ rẹ̀ á pa ilẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì ẹmu kò yàtọ̀ lójú. Mi ò ní sọ ẹni tó gbé e sẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n ṣì ń bínú sí mi. Ẹ fi ọ̀dà pupa kun tìtọ̀.

Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àtọ̀sí ajá, kò gbọdọ̀ tọ̀ sódò tàbí sí etí odò rárá. Ẹyin kòkòrò náà ń bá ìtọ̀ wọ omi, inú ìgbín odò ló ti ń dàgbà, ara ẹni tó bá wọ omi ló ń wọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kí onítọ̀hún lọ gba oògùn, kí ìtọ̀ rẹ̀ máa lọ sínú kòtò títí yóò fi sàn.

Omi ìwẹ̀ àti omi abọ́

Balùwẹ̀ oko tí gbogbo wa mọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀ rẹ̀, omi á gba abẹ́ ọgbà jáde, á dá adágún sẹ́yìn, ẹ̀fọn á kọ́lé sí i. Ẹ gbẹ́ kòtò sí ìsàlẹ̀ balùwẹ̀ náà, fífẹ̀ rẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì, jíjìn rẹ̀ kọjá orúnkún díẹ̀, ẹ to ilẹ̀ rẹ̀ yíká bí ebè. Ẹ kó ìtì igi sí ìsàlẹ̀, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, koríko àti ewé gbígbẹ lókè títí yóò fi ga bí òkìtì. Ẹ ri ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sí orí ebè, kókò àti ìbẹ́pẹ láàárín wọn. Páìpù láti balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ewé, kí omi má fojú hàn rárá. Omi tí ojú kò rí, ẹ̀fọn kò lè yé sí i. Ewé á máa jẹrà, òkìtì á máa rẹlẹ̀, ẹ máa kó òmíràn lé e. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi kò mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Nígbà tí gbogbo oko bá pọ́n, ibẹ̀ nìkan ló máa ń tutù yọ̀yọ̀, àwọn adìyẹ ìlú kejì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Omi abọ́ ní epo àti oúnjẹ nínú, bó bá wọ páìpù báyẹn, á dí i. Agbọ̀n kan tí mo ti kó koríko gbígbẹ sí ni mo ń gbà á kọjá, bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, a ó da koríko náà sínú òkìtì, a ó fi tuntun sí i. Ọṣẹ dúdú dáa fún ibẹ̀, nítorí eérú ló ti wá, eérú náà sì ni oúnjẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ẹ má jẹ́ kó pọ̀. Bílíìṣì, rárá, ó ń pa kòkòrò inú ilẹ̀ tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Omi tí ẹ fi fọ ìdí ọmọ, kòtò ìgbẹ́ ni ilé tirẹ̀. Ẹ má sì fi omi ìwẹ̀ bomi rin ewé ẹ̀fọ́ tàbí tòmátì o, ìdí igi ni ẹ mọ.

Omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún lára gàrí kì í ṣe omi abọ́. Májèlé ni, ó ń pa ewúrẹ́, ó ń pa ẹja. Ẹ gbẹ́ kòtò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó jìnnà sí odò, kí ẹ ṣọgbà yí i ká.

Ọwọ́

Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kan, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sí i lókè ikùn, ẹ so ó rọ̀ sórí ọ̀pá, ẹ so okùn láti ọrùn rẹ̀ mọ́ igi kan nílẹ̀. Ẹ tẹ igi náà mọ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì á tẹ orí ba, omi á dà sọ́wọ́. Ọwọ́ tó dọ̀tí kò kan kẹ́ẹ̀gì. Ẹ lu ihò sí ọṣẹ láàárín, ẹ so ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ gan-an ni kó wà, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i ti jìnnà jù.

Nígbà tó bá kún

Tó bá ku ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan kó kún, ẹ yí ìdérí kúrò, ẹ hú òrùka, ẹ kó ilẹ̀ tí ẹ tọ́jú lé e, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ má tètè gbin nǹkan sí i. Ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, kí ẹ fi ilẹ̀ kún un. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dúró ṣinṣin, ẹ gbin igi sínú ilẹ̀ òkè yẹn, kí gbòǹgbò má tíì kan ìgbẹ́. Á bá a nígbà tó bá yá, ìgbà náà á ti di ilẹ̀. Máńgòrò ni mo gbin sí ti àkọ́kọ́, ti 2019. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi búra pé àwọn kò ní fi ẹnu kan èso igi yẹn láé. Ní ọdún tó kọjá, mo bá wọn nídìí rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n.

Èso tó wà lókè igi kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ohun tó wà nísàlẹ̀. Iṣu, ẹ̀gẹ́, kúkúńdùkú àti ẹ̀fọ́ ni ẹ kò gbọdọ̀ gbìn sí ojú ibẹ̀.

Ẹ sì sàmì sí i. Èèkàn àyin kan, aṣọ pupa lórí rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bò ó ní kíkọ sí ara páànù kékeré. Èmi kò sàmì sí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Igi rẹ̀ kú ní ọyẹ́, koríko bo ojú ibẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tuntun dé, mo ní kó kọ ebè iṣu láti ìdí kajú dé ìdí ọ̀nà. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ó wá bá mi nílé ìdáná, ó di ọkọ́ rẹ̀ mú jìnnà sí ara, ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ ibí yìí mà sanra o. Kí ni wọ́n sin síbẹ̀?"